Ibi Tí Ayùn Ti Dákẹ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, gbogbo ilé káfíńtà ń rẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló gbé fóònù sórí tábìlì oúnjẹ. Ìhanrun bàbá rẹ̀ ló gbà sílẹ̀ lóru, ó fi ìlù sí i lábẹ́, ó sì sọ ọ́ ní Ayùn Kì í Sinmi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí.

“Lọ́sàn-án, á rẹ́ pákó,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Lóru, á rẹ́ àwa náà mọ́ ọn. Èmi ti kó lọ sí pálọ̀ láti èṣí.”

“Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ló ń hanrun,” ni ọkọ dáhùn.

“Ẹ sun oorun títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ tún ń tòògbé sínú tíì. Irú oorun wo nìyẹn, Bàbá wọn?”

Ó ti sùn lọ, ife tíì lọ́wọ́. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí. Bó bá jí, orí á máa fọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ á gbẹ bíi lẹ́búlẹ́bú pákó. Oríṣi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta ló ń lò, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì wálẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àkọ́bí sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí.

“Bàbá, ṣé ẹ máa ń hanrun?”

Káfíńtà nawọ́ sí ọmọ rẹ̀. “Ẹ bi í léèrè. Òun ló sọ mí di gbajúmọ̀.”

Ọmọ náà tan fóònù. Dókítà gbọ́ ọ dé òpin, kò rẹ́rìn-ín.

“Ṣé kì í dákẹ́ láàárín? Kó máa hanrun, kó dákẹ́ lọ gbári, kó wá já èémí gbà bí ẹni tí wọ́n fà jáde nínú omi?”

Ọmọ náà pa fóònù náà. Ibi márùn-ún ni bàbá rẹ̀ ti dákẹ́ nínú ohun tó gbà sílẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé gbogbo rẹ̀ dànù, nítorí ìdákẹ́jẹ́ kò pani lẹ́rìn-ín, kò sì bá ìlù mu. Bó bá sọ ọ́ báyìí, á dà bíi pé aláìsàn ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

“Rárá, mà. Kì í dákẹ́.”

Ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀.

“Ìdí tí mo fi béèrè,” ni dókítà wí, “ni pé àìsàn kan wà tó ń fi ìhanrun bojú. Tí èèyàn bá sùn, ẹran inú ọ̀fun á dẹ̀, á dí ọ̀nà èémí. Ọpọlọ á ta á jí díẹ̀ kó lè mí, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà ọgbọ̀n láàárín wákàtí kan. Nígbàkúùgbà tó bá ṣẹlẹ̀, ọkàn á sáré, ẹ̀jẹ̀ á ru. Oògùn lè máa tì í sísàlẹ̀, kí oorun máa tì í sókè. Àìsàn náà ń ba ọkàn jẹ́, ó sì lè fa rọparọsẹ̀.”

“Ṣé ó gbóògùn?” ni káfíńtà béèrè.

“Ó ní ìtọ́jú. Ẹ̀rọ kékeré kan wà, ẹ ó fi ìbòmú rẹ̀ sójú sùn, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀fun yín kó má baà dí. Ẹ dín ara kù, ẹ máa fẹ̀gbẹ́ sùn, ẹ má mu ọtí kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ má sì dá oògùn yín dúró. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ oorun yín wò. Ẹni tó ń dákẹ́ bí mo ṣe wí, ọ̀sẹ̀ yìí ni mò ń fi àyẹ̀wò rẹ̀ sí. Ẹ̀yin, ẹ wá lẹ́yìn oṣù méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ tí ẹ dákẹ́, kó tètè mú yín padà wá.”

Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ náà fi ọgbọ́n bi ìyá rẹ̀ bóyá Bàbá máa ń dákẹ́ lóru.

“Ó máa ń dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́ báyìí, màá ní, Olúwa, o ṣeun, jẹ́ kí n rí oorun sùn.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà bá a rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọ̀rọ̀ dókítà mì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, káfíńtà ń fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ẹsẹ̀ àga kan nínú ṣọ́ọ̀bù, pẹ́ńsùlù náà bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì lè nàró mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni ọmọ náà ti wá tan ohun tó gbà sílẹ̀ lódindi, èyí tí kò tíì gé. Òun, ìyá rẹ̀ àti dókítà jọ dúró gbọ́ ọ. Ìhanrun náà lọ, lọ, ó dákẹ́. Ìyá náà dá èémí tirẹ̀ dúró láìmọ̀. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó mí. Ọkọ rẹ̀ inú fóònù kò tíì mí.

“Àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá,” ni dókítà wí. “Èyí ni mo bi ọ́.”

“Ojú ló tì mí, mà.”

Dókítà ní kó jẹ́ kí ohùn náà máa lọ.

Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ karùn-ún, wọ́n gbọ́ ohùn káfíńtà, tó wúwo fún oorun: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé fún mi.”

Èyí náà wà lára ohun tí ọmọ rẹ̀ gé dànù. Yàtọ̀ sí i, wọn kò ní ohùn rẹ̀ mọ́ níbì kankan. Ọkùnrin tó wà lórí ibùsùn ń wo ẹnu wọn, ó ń wá ọ̀rọ̀, kò rí i. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, ẹnì kan tan fóònù rẹ̀, ìlù dún, ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́, àwọn èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín.

Lónìí, ìbòmú ń sùn lójú káfíńtà ní alaalẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò padà.

Ẹ̀yin ará mi, Ẹni tó mí èémí sí ihò imú ènìyàn kò fi í ṣe ohun ẹ̀rín. Bí ẹni tó sùn tì ọ́ bá ń hanrun burúkú, tó ń fi orí fífọ́ jí, tó ń tòògbé lọ́sàn-án, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ ti oògùn, mú un lọ fún àyẹ̀wò. Ohun tí o bá rí ni kí o sọ, bójú tilẹ̀ ń tì ọ́. Bí ó bá sì dákẹ́ lóru, má dúpẹ́. Jí i. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí o tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.