Ohùn Ìyàwó Mi Nínú Ẹ̀rọ Tuntun

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ojú mi ló ṣe. Ọ̀sán gangan ló bẹ̀rẹ̀, mi ò sì mutí.

Kí n tó fẹ́ ìyàwó mi ló ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kan. Sídì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe. Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọnù sáàárín tàwọn yòókù. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí, tí nǹkan bá sì ti wọ̀ mí lórí, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ kúrò.

Oníṣẹ́-ẹ̀rọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, sípíkà yín dáa. Anpilifáyà yín dáa. Ẹ̀rọ sídì tó ti darúgbó yìí ló ń gbé ohùn mì."

Ni mo bá ra tuntun. Ó wúwo bí òkúta. Oníṣẹ́-ẹ̀rọ so wáyà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ká aṣọ.

"Ẹ̀yin àti ẹ̀rọ yín! Ká ní ó lè se oúnjẹ ni, ẹ ò bá ti lé mi lọ."

Mo fi sídì náà sí i. Kí n má parọ́, orí mi wú. Mo ń gbọ́ èémí àwọn akọrin náà. Mo ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń sún ẹsẹ̀. Ohùn kan wá ń yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn.

"Èmi nìyẹn!" ìyàwó mi pariwo. "Ọ̀fun ń dùn mí lọ́jọ́ yẹn o, olórí wa sì ní..."

"Dákẹ́ ná, jẹ́ kí n gbọ́ ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́.

Nígbà tí orin parí, mo ní kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó la ẹnu. Nǹkan kan ò jáde. Aláwàdà ni, mo rò pé eré ló ń ṣe, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Omi ti ń bọ́ lójú tirẹ̀ náà. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó ní kò sóhun tó ṣe é.

Mo pe oníṣẹ́-ẹ̀rọ kó so ẹ̀rọ àtijọ́ padà. Àwọn akọrin kọrin lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ìyàwó mi ò sí láàárín wọn mọ́. Ó tún so tuntun. Ìyàwó mi nìkan ló ń kọrin níbẹ̀. Gbogbo àwọn yòókù ti lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," oníṣẹ́-ẹ̀rọ rọra sọ, "ẹ̀rọ kì í ṣe báyìí." Ó jáde, ó fi àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò padà wá mú un.

Ó wá ku èmi àti ìyàwó mi ní pálọ̀. Orin tán. Sídì ń yí lọ.

Mo bi í pé, "Ṣé kí n pa ẹ̀rọ yìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á."

Inú sípíkà ló ti wá. Ohùn tó fi ń jí mi láràárọ̀ ni. Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀, ó pa ẹnu dé, ó tọ́ka sí bọ́tìnì, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ mí pé kí n pa á kíá.

Bí mo bá pa á, tí ohùn náà ò padà sí ọ̀fun rẹ̀ mọ́ láéláé ńkọ́?

"Ọkọ mi," ni sípíkà wí, "èmi nìyí."

Ìyàwó mi fò dìde, ó na ọwọ́ sí bọ́tìnì. Mo dì í mú. Ó jà, ó fi orí gbá mi láyà, ó ń sunkún láìdún. Agbára mi ju tirẹ̀ lọ. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rọ náà ò tíì dúró.