Fìlà Tó Wà Lórí Àga

Ohun tó kọ́kọ́ ya ọkùnrin náà lẹ́nu ni pé ẹ̀rọ dáhùn lẹ́yìn tí òun ti pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ tán.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ ń lò. Wọ́n á dé fìlà tó kún fún wáyà sí ènìyàn lórí, ẹ̀rọ á gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń ṣe, á sì dáhùn kí ojú tó ṣẹ́. Bí ọpọlọ bá ta kìjí, sípíkà á ró: pá! Kí wọ́n tó ta ẹ̀rọ tuntun, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dé fìlà yẹn kí wọ́n fi dán an wò. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a dé e. Á jókòó sórí àga, á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọkọ mi, o ti rí inú orí mi tán. Kí ló tún kù?" Bí ọkọ bá ti pè é ní Ẹlẹ́rìn-ín báyìí, pá! Ọkọ yìí nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé.

Obìnrin náà kú lọ́dún tó kọjá. Ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ láti orí rẹ̀ ló ṣẹ́ kù, òun ni ọkọ rẹ̀ sì ń gbọ́ lójoojúmọ́, á ní òun ń dán ẹ̀rọ wò. Irọ́ ni o! Àárò ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọ̀gá rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó lè bí lọ́mọ, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ má bínú. Aago mẹ́rin ni àwọn oníbàárà ń bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ yìí. Ẹ bá mi pa gbogbo ti àtijọ́ rẹ́. Òfin ni."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá."

Ó pa á rẹ́. "Ó dìgbà o, Ẹlẹ́rìn-ín."

Pá!

Ara bù ú máṣọ. Ó wo ẹ̀yìn: ó ti gbàgbé láti yọ wáyà fìlà. Fìlà náà wà lórí àga, kò sí orí kankan nínú rẹ̀.

"Ẹlẹ́rìn-ín?"

Pá!

Ó bú sẹ́kún. Ó fa ìjókòó sún mọ́ àga náà, ó ń pè, ẹ̀rọ ń dáhùn. Láti ọdún kan, inú rẹ̀ kò dùn tó báyìí rí. Kò sí ẹni tó máa gbé ẹ̀rọ yìí kúrò níwájú òun, kódà bí wọ́n bá máa lé òun níṣẹ́.

Ó fi etí aṣọ nu omijé ojú rẹ̀.

Pá! Pá, pá!

Kò pè é. Sípíkà ń ró léraléra, bó ṣe máa ń ró nígbà tí obìnrin náà bá rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìhà mú. Ọkùnrin náà tẹ́tí sílẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà.

"Ta ló ń pè ọ́?" ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó wá kígbe: "Ẹlẹ́rìn-ín!"

Kò dáhùn. Ó ṣe díẹ̀, pá, pá, ó dá ẹlòmíràn tí ọkùnrin náà kò gbọ́ lóhùn.

Ìró ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà ti ń bọ̀. Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn. "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́?"

Ọkùnrin náà nawọ́ sí fìlà láti gbé e. Inú fìlà náà ṣì gbóná, bí ẹni pé orí ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Kò sí tèmi níbẹ̀ mọ́," ó ní, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà náà.