Fọ́ọ̀mù Mẹ́rin Nínú Fáìlì Nélida

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo fojú ara mi rí i, àwọn mẹ́ta mìíràn sì rí i pẹ̀lú mi. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, èyí tí mo ti pa ṣáájú ni, màá sì sọ ọ́.

Nélida ìyàwó mi kọ eré kan. Kì í ṣe eré bíi lúdò. Ẹ ó jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á di èèyàn inú ìtàn náà. Ẹ ó sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ ó ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Èrò inú ọkọ̀ ojú omi ni àwọn èèyàn inú tirẹ̀. Kùrukùru ká wọn mọ́ ojú odò.

Kí ìwé òfin irú eré bẹ́ẹ̀ tó jáde, àwọn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dán an wò, kí wọ́n rí ibi tí òfin rẹ̀ kò ti bára mu. Ẹni tó kọ ọ́ lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí òfin náà kò bá yé wọn, bí wọ́n bá bú u, kò gbọdọ̀ dáhùn. Kó ṣáà máa fi pẹ́ńsù kọ ohun tó bá gbọ́.

Àìsàn kò jẹ́ kí Nélida lè jókòó. Ó kó fọ́ọ̀mù mẹ́rin tí àwọn tó bá dán an wò yóò kọ èrò wọn sí fún mi, kí èmi àti àwọn ará ibi iṣẹ́ mi bá òun dán an wò.

Ó ní, "Eleuterio, má pọ́n mi lé o. Ibi tó ti bàjẹ́ ni kí o sọ fún mi."

Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní ìlú Valdivia ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ojú tì mí. Báwo ni màá ṣe sọ fún àwọn tó ń jó irin pé kí wọ́n wá ṣe bí ọmọdé? N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo jókòó ní ilé ìdáná, mo fi báírò méjì kọ fọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo lo orúkọ Bàbá Baldomero káfíńtà, ti Wladimir ajórin, àti ti Yasna tó ń tọ́jú ìwé ní ọ́fíìsì. Ìkẹrin ni tèmi. Níbi tí wọ́n ti béèrè òfin tí kò bára mu, mo kọ "Kò sí."

Inú rẹ̀ dùn. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn kan tó ń tẹ irú eré bẹ́ẹ̀ ní ìlú Santiago. Èmi ni mo ka èsì wọn sí i létí lórí ibùsùn: "Ó hàn pé kò sẹ́ni tó tíì dán eré yìí wò."

Nélida wò mí.

Ó ní, "Ó dáa."

Ó kú ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn náà.

Nígbà tó pé ọdún kan tó ti kú, mo pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo lo orúkọ wọn wá sílé láti dán eré náà wò. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Mo din sopaipilla onífúláwà, mo gbé omi tíì ewé mate kaná. Mo gbé àga Nélida sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹni tó kọ eré máa ń jókòó sí. N kò sọ nǹkan kan nípa fọ́ọ̀mù tí mo ti kọ.

Èmi ni mò ń sọ ìtàn. Kò pẹ́ tí dáìsì fi dalẹ̀ Bàbá Baldomero. Nínú ìtàn náà, ó jábọ́ sómi.

Mo ní, "Ojú ìwé kẹsàn-án. Ẹni tó bá jábọ́ sómi kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, àfi bí ẹnì kan bá pe orúkọ rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n nígbà náà," ni Yasna wí.

Mo ṣí ìwé síwájú. "Ojú ìwé kẹrìnlá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹnìkejì nínú kùrukùru."

Wladimir bú sẹ́rìn-ín. "Ó parí! Bàbá, ó dàárọ̀ o."

"Ṣé n ó kàn jókòó síbí bí àpò símẹ́ńtì ni?"

"Ẹ dákẹ́, Bàbá. Òkú kì í sọ̀rọ̀."

"Ṣé òkú kì í jẹun náà ni? Gbé àwo yẹn wá."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà a dákẹ́. Ìgbà yẹn ni a gbọ́ ọ.

Ó ń ha. Díẹ̀díẹ̀. Bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi pẹ́ńsù kọ̀wé. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ló ti ń wá.

"Eku ni," ni Wladimir wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, á ha. Bí a bá dákẹ́, á dákẹ́.

Yasna dìde. "Ẹ jẹ́ ká tètè kọ èrò wa sílẹ̀, ká máa lọ. Ìwé tí a ó kọ ọ́ sí dà?"

Kí n tó dá a dúró, ó ti ṣí fáìlì Nélida tó wà lórí tábìlì. Ó yọ fọ́ọ̀mù kan jáde.

"Bọ̀ọ̀dá Eleuterio, ìgbà wo ni mo kọ èyí?"

N kò lè wo ojú rẹ̀.

"Orúkọ mi nìyí. Kì í ṣe ọwọ́ mi." Ó fún àwọn yòókù ní tiwọn.

Bàbá Baldomero gbé tirẹ̀ sún mọ́ ojú. Lábẹ́ "Kò sí" tí mo fi báírò kọ, wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan. Ọwọ́ Nélida ni. Lẹ́tà kéékèèké. Ó kà á sókè: "Ojú ìwé kẹsàn-án àti ìkẹrìnlá ń bá ara wọn jà. Ó ní òun jókòó bí àpò símẹ́ńtì."

Ó gbé ìwé náà kalẹ̀. "Ìsinsìnyí ni mo sọ ọ́."

Wladimir wo tirẹ̀, ó jù ú sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Mo mú un nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló wà níbẹ̀: "Ó pè mí ní eku."

"Ìwọ lo kọ ti báírò yìí?" ni Wladimir bi mí.

"Èmi ni. Ojú yín ló ń tì mí."

"Ojú wa?" Ó mi orí. "Bí o bá pè wá nígbà yẹn ni, à bá wá."

Fọ́ọ̀mù tèmi ló kù nínú fáìlì. Kò sí pẹ́ńsù kankan lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n "Kò sí" tí mo kọ ti pa rẹ́. Báírò ni mo fi kọ ọ́. Ojú ibẹ̀ mọ́ bíi ti ìwé tuntun. Èérún rọ́bà tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀.

Bàbá Baldomero rọra ní, "Sọ ọ́ fún un."

Mo kọjú sí àga náà. Mo pe orúkọ rẹ̀.

"Nélida. A kò dán an wò. Ojú ló tì mí. Èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀."

Híha náà bẹ̀rẹ̀. Ó bá ọ̀rọ̀ mi lọ dé ìparí, ó sì dúró.

A wo fọ́ọ̀mù mi. Ibẹ̀ ṣì ṣófo. A jókòó títí iná ààrò fi kú. Kò sí èsì. Ẹni tó kọ eré kì í dáhùn. Òfin wọn nìyẹn.

Ó kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la gbọ́ ọ. Ibi tó kọ ọ́ sí ni n kò tíì rí.