Ejò Onírù-Gígé

Ejò tí Erminia mú láàárọ̀ ọjọ́ náà gbóná. Yìnyín ṣì wà lábẹ́ òjìji àwọn àpáta, koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí ni, ejò yòówù tó bá sì jáde nírú àkókò bẹ́ẹ̀ máa ń tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n ní láti gbé e mọ́ inú kó tó lè ta jí. Ṣùgbọ́n èyí gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde.

Ó rọra pe Bàbá Attilio kó wá fọwọ́ kàn án. Bàbá náà, tó ti ń wá ejò lórí òkè yìí kí wọ́n tó bí Erminia, fi ìka kan kàn án, ó sì yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó wo ìrù rẹ̀. Ìrù náà gé. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n.

Quirino, àbúrò Erminia, ló mú ejò yìí lọ́dún tó kọjá, nínú ihò kan lábẹ́ àpáta ńlá tó wà lókè pátápátá. Wọ́n fi kọ́ ère ẹni mímọ́ lọ́rùn lọ́jọ́ ọdún ejò ìlú wọn pẹ̀lú àwọn ejò yòókù, wọ́n sì gbé e yí ìlú ká. Bí ayẹyẹ náà bá ti parí, dandan ni kí kálukú dá ejò tirẹ̀ padà sínú ihò tó ti mú un. Ṣùgbọ́n ọtí ti pa Quirino lọ́jọ́ náà. Ó da ejò náà sínú ọgbà àjàrà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì lọ sùn.

Láti ìgbà náà ni ara Quirino ti ń tutù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan kan. Nígbà tí òtútù dé, ó dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Èémí rẹ̀ kò tó láti mú dígí ṣú. Màmá wọn ti ra aṣọ òkú pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí, ó rò pé Erminia kò mọ̀.

"Ooru ara ọmọ yẹn ló wà lára ejò yìí," Bàbá Attilio sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí a bá dá a padà sílé rẹ̀, bóyá ara ọmọ náà á yá."

"Bóyá kẹ̀, Bàbá?"

"Ṣé o ní òmíràn ni? Ìwọ tí o máa ń sọ pé mò ń rìn bí ìgbín, ó yá, gun òkè ká wò ó."

Erminia gbé àpò ejò náà mọ́ àyà. Ohun kan ń lù nínú àpò náà, kì kì kì, bó ṣe ń gun òkè náà. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ihò, ejò náà kọ̀, kò wọlé. Ó wé mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ti orí bọ apá aṣọ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Láti kékeré ni Erminia ti ń mú ejò. Kò rí èyí tó ń gbọ̀n rí. Nígbà tó fà á jáde, ẹnu rẹ̀ ń là, ó ń pa dé, láìsí ìró kankan. Bàbá Attilio gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó tètè ṣe é. Erminia tú u kúrò lọ́wọ́, ó sì ti orí rẹ̀ wọlé tipátipá. Bí ìrù gígé náà ṣe wọlé tán, bàbá náà yí òkúta dí ihò.

Erminia sáré ṣáájú lọ sílé. Láti ojú ọ̀nà ló ti ń gbọ́ ẹkún àti ẹ̀rín màmá rẹ̀ pa pọ̀. Quirino jókòó nídìí tábìlì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n. Màmá ní ó kàn ṣàdédé dìde ni, ó ní ebi ń pa òun. Màmá ti se ẹyin fún un. Quirino kò bó o. Ó gbé e mì pẹ̀lú èèpo. Màmá rẹ́rìn-ín pé ebi yìí mà pọ̀ o, ó sì yípadà lọ gbé ẹyin mìíràn kaná.

Erminia jókòó níwájú àbúrò rẹ̀. Ó ń retí kí ó ṣẹ́jú. Kò ṣẹ́jú.

Quirino tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí màmá má baà gbọ́.

"Ẹ ṣeun o," ó ní. "Mo rò pé ẹ ò ní lè ṣe é ni, nítorí àbúrò yín ń ké pè yín títí ẹ fi tì í wọlé. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"