Fèrè Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Fọn Wò

Ara ìyá àti ọmọ yá gágá lọ́jọ́ tí wọ́n lọ ra fèrè náà. Nọ́ọ̀sì ni ìyá. Ó gba àyè níbi iṣẹ́ nítorí ẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Olófèrè, ń múra àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ kọ́ṣẹ́ orin. Fèrè ọmọdé tó ń fọn bọ̀ látilẹ̀ ò sì lè gbé ohùn rẹ̀ mọ́. Tíṣà orin rẹ̀ nílé-ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Òun náà ló ní òun mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ojúlówó, ó sì tẹ̀ lé wọn lọ.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn fèrè ń dán yanran nínú àpótí onígíláàsì. Olófèrè ní òun fẹ́ fọn bíi mẹ́ta wò. Ọkùnrin tó ń tà á rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹnikẹ́ni kì í gbé ẹnu lé ọjà tuntun láìtíì sanwó, itọ́ á bà á jẹ́. Tíṣà gbà á lẹ́nu ẹ̀, ó ní kí wọ́n mú èyí tó ń dán jù, pé fàdákà ni. Ọmọ náà tẹ àwọn bọ́tìnnì tó ń bo ihò ara fèrè náà díẹ̀, ó bá yíjú sí ìyá rẹ̀.

“Mọ́mì, àwọn bọ́tìnnì yìí ò padé dáadáa. Tí mi ò bá gbọ́ ohùn ẹ̀, mi ò lè mọ̀ bóyá ó dáa.”

“Dákẹ́ jàre,” ni ìyá wí. “Ṣé o mọ̀ ọ́n ju tíṣà ẹ lọ ni?”

Ọmọ gbé fèrè náà lé tábìlì. Wọ́n sanwó, wọ́n tún fi fèrè àtijọ́ lé owó náà fún ọkùnrin náà.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi dé. Ohùn òkè ń jáde, ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀ kàn ń ṣe fúù bíi táyà tó ń jò ni. Tíṣà ní bí fèrè tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ara ẹ̀ á tú tó bá yá. Ìyá gbà á gbọ́. Ó tiẹ̀ bá ọmọ wí pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Lọ́jọ́ ìdánwò ìgbaniwọlé, ìyá jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Orin náà gbéra dáadáa. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ síbi ohùn ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Olófèrè tún un bẹ̀rẹ̀, bọ́tìnnì kan há, orin já. Nígbà tó jáde, kò sunkún. Ojú gbígbẹ yẹn ló dun ìyá jù.

Obìnrin kan lára àwọn tó ń dán wọn wò, tí òun náà ń fọn fèrè jẹun, jáde tẹ̀ lé wọn. Ó fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ bọ́tìnnì kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fa bébà náà, bébà yọ wọ́ọ́rọ́. Ó ní ó yẹ kí bọ́tìnnì dì í mú ni. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jò nìyẹn. Fàdákà tí wọ́n ń pariwo, ọ̀dà lásán ni. Ó wá bi wọ́n bóyá ọmọ fọn ún wò kí wọ́n tó rà á.

“Ó fẹ́ fọn ún,” ni ìyá dáhùn. “Èmi ni mo ní kó dákẹ́.”

“Ẹni tó máa fọn ún ló ń yàn án, mà,” ni obìnrin náà wí. “Kó fọn oríṣiríṣi wò, kó bẹ̀rẹ̀ láti ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, kó fọn ún jẹ́jẹ́, kó tún fọn ún kíkankíkan. Ẹni tó ń ta ojúlówó á jẹ́ kí ẹ gbé e lọ dán an wò, á sì gbà á padà tí ò bá dáa. Ẹ fi han olófèrè mìíràn tí kò ní nǹkan kan í rí gbà níbẹ̀. Ẹ má sì yọwọ́ nínú ti àtijọ́ títí tuntun á fi dá yín lójú.”

Ìyá kọrí sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà nàka sí ohun tó kọ sára ògiri: ọjà tá a bá tà, a kì í gbà á padà. Fèrè àtijọ́ sì ti lọ. Ìyá gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ tíṣà. Ó bi í bóyá ọkùnrin yẹn fún un ní nǹkan. Tíṣà họrí, ó ní gbogbo tíṣà ló ń gba owó ọkọ̀, pé kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

“Ẹ gbọ́ ọ lójoojúmọ́ ní kíláàsì yín,” ni ìyá wí. Ohùn rẹ̀ ò ga. “Etí yín gbọ́ pé ó ń jò. Ẹ wojú ọmọ mi, ẹ ní kó máa fọn ún lọ.”

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọ̀gá ilé-ìwé. Àwọn òbí mìíràn tí wọ́n ti dákẹ́ sílé náà jáde, irú fèrè kan náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lé tíṣà lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin tó ń ta fèrè ṣì ń tajà rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ò gba Olófèrè. Ó di ọdún tó ń bọ̀, fèrè àyálò ló sì fi ń múra sílẹ̀.

Ìyá bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ò bínú sọ̀rọ̀. Ó kàn ní, “Ó dùn mí pé tíṣà tà mí, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún.”

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí dídán ọjà tàbí ipò ẹni tó mú yín lọ rà á dí yín létí. Tí ọmọ yín tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá ní nǹkan ò dáa, ẹ dúró, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ yé kí ẹ tó sanwó. Tí wọn ò bá gbà kó dán an wò, ẹ jáde níbẹ̀. Tí wọ́n bá sì ti rẹ́ yín jẹ, ẹ má fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn ló kàn.