Ìrìn-àjò sí Òkè Ẹ̀fọ̀n Lọ́jọ́ Tí Obìnrin Kì Í Jáde

Ẹja ni Kàmọ́rù fi ya máàpù lọ́jọ́ tí Bísọ́lá kọ́kọ́ rí i. Ó tò wọ́n sórí pátákó gbọọrọ kan ní ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́: ọ̀kan ni Ìbàdàn, ọ̀kan ni Ifẹ̀, èyí tó sanra jù ni Iléṣà. Ọ̀bẹ ló fi ń tọ́ka sí wọn, ó ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó fẹ́ gbé ẹja lọ sí Adó-Èkìtì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa ló wọ̀, ìpẹ́ ẹja ń dán ní apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló ni gbogbo ọ̀nà náà.

Bísọ́lá ì bá kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹja ọbẹ̀ ló wá rà. Ṣùgbọ́n tíṣà jọ́gíráfì ni, ẹ sì mọ bí tíṣà ṣe máa ń ṣe. Ó dúró, ó na ìka.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé Adó yẹn sí òdì kejì. Apá ìlà-oòrùn Iléṣà ló wà. Bẹ́ẹ bá lọ báyìí, Ìwó lẹ máa bá ara yín."

Kàmọ́rù wo ẹja, ó wo obìnrin náà. Ó gbé Adó lọ síbi tí wọ́n ní kó gbé e lọ. "Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ o. Ìgbà wo lẹ débẹ̀ kẹ́yìn?"

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Bísọ́lá ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ nípa òkè. Ó mọ gíga wọn, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì yà wọ́n sójú pátákó. Ṣùgbọ́n ọmọ ìdílé Lásùnwọ̀n ní Ìkòròdú ni, Ẹ̀pẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, láti etí ọ̀sà dé etí ọ̀sà. Kò fojú kan òkè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Mi ò tíì débẹ̀ rí," ló fẹnu sọ.

"Háà! Ibo lẹ ti wá rí òkè tí ẹ fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

"Nínú ìwé."

Gbogbo ìdí ẹja bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Bísọ́lá débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó wọlé. Ohun tó wá ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu ni pé òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Kàmọ́rù fi bébà wé Iléṣà, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ lọ fi Iléṣà se ọbẹ̀, Àǹtí tíṣà. Lọ́jọ́ kan, màá mú yín dé ìyókù."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lọ́dún 2004. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí Kàmọ́rù bá ti Èkìtì dé, kì í wá lọ́wọ́ òfo. Lọ́sẹ̀ kan, òkúta tó ṣà lẹ́bàá ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ni. Lọ́sẹ̀ kejì, yẹ̀pẹ̀ pupa nínú agolo mílíìkì. Bísọ́lá kó wọn sórí tábìlì rẹ̀ ní kíláàsì, àwọn ọmọ ń fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n ń bi í pé ta ló ń kó wọn wá. Kò dá wọn lóhùn, àmọ́ ojú rẹ̀ ń dá wọn lóhùn. Nígbà tí oṣù mẹ́ta fi máa pé, "Àǹtí" ti di "Tíṣà mi," "Ọ̀gá awakọ̀" sì ti di "Olólùfẹ́ mi."

Wọ́n wá jókòó láti ṣètò ìrìn-àjò ọjọ́ kan ṣoṣo: kí wọ́n lọ wo òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kí wọ́n sì padà wálé.

"Ìwọ ya máàpù," ni Kàmọ́rù wí, "èmi á máa sọ ohun tí máàpù ò mọ̀. Lẹ́yìn Ìwàràjà, ọ̀nà náà á dákẹ́. Ọkọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Wàá rí i tí ìkùukùu sùn sórí títì, àfi ká rọra máa fọn fèrè láti ta á jí."

"Irọ́ lò ń pa."

"Tí mo bá purọ́, má fẹ́ mi."

"Ta ló sọ pé mo fẹ́ fẹ́ ọ?" Ṣùgbọ́n ó ti tẹ orí sórí ìwé, kó má baà rí ẹ̀rín ẹnu òun.

Ẹni tó kù tí wọ́n máa sọ fún ni bàbá Bísọ́lá. Bàbá Ògúnsànyà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìlú Ìkòròdú. Ìyá Bísọ́lá ti kú tipẹ́, ọmọ yìí nìkan ló kù fún un, òun àti ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin, Àǹtí Sìlífátù, tí wọ́n jọ ń gbélé. Nígbà tó gbọ́ pé awakọ̀ ẹja ló fẹ́ gbé ọmọ òun lọ sórí òkè, ó pariwo débi pé tíì dà nù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Awakọ̀! Ẹni tí kì í gbélé! Tó bá gbé ọ lọ, ìgbà wo ni mo tún máa rí ọ?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi bá Bísọ́lá sọ̀rọ̀ gidi. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Àìkú kan, tó déédéé pè é, tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Mo ti rò ó. Sátidé kẹta sí òní. Kó wá gbé ọ lẹ́nu ọ̀nà mi ní aago mẹ́fà àárọ̀, kó dá ọ padà sẹ́nu ọ̀nà mi kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Tó bá lè ṣe é, kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ ọ. Tí kò bá lè ṣe é, kó má ṣe fẹsẹ̀ tẹ ilé mi mọ́ láé. Má sì jẹ́ kí n gbọ́ pé ẹ pàdé níbòmíràn."

Bísọ́lá dì mọ́ ọn. Ó sunkún ayọ̀ sí i léjìká. Ó yẹ kó ti fura sí bí ara bàbá ṣe le gbagidi, ṣùgbọ́n ta ló ń fura sí bàbá tó bí i?

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ìdánwò há Bísọ́lá mọ́ Ẹ̀pẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ ló tó wọ bọ́ọ̀sì wálé. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ ní Ìkòròdú, ó rí i pé àwọn obìnrin ń sáré ra búrẹ́dì, ra tòmátì, ra omi, bí ẹni pé ogun ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?" ló bi obìnrin kan.

"O ò sí nílùú ni? Wọ́n ti kéde láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Ọ̀la la ń ṣe Orò. Obìnrin ò gbọdọ̀ yọjú síta láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Bísọ́lá. Ọ̀la kẹ̀? Ọ̀la tí wọ́n ti ń dúró dè! Ó pe fóònù Kàmọ́rù, kò lọ. Ó tún pè é, kò lọ. Kàmọ́rù pẹ́ dé lọ́sẹ̀ yẹn, ó ṣì wà lọ́nà Adó, níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ó sáré wọlé, ó bá Àǹtí Sìlífátù ní kíṣìnì. "Àǹtí, ẹ gbà mí! Ọjọ́ tí Bàbá fún wa ti bọ́ sí ọjọ́ Orò!"

Àǹtí Sìlífátù kò gbójú sókè. Ó ń fọ abọ́ kan náà lọ ràì. "Bísọ́lá," ló wí níkẹyìn, "bàbá rẹ wà lára àwọn tó jókòó dá ọjọ́ yẹn. Ó ti lé ní oṣù kan."

Yéè! Bísọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì gbì. Kì í ṣe pé ó ń sunkún o. Ẹkún gan-an kọ̀, kò wá. Ó kàn ń wo ògiri. Bàbá òun, tó ń gbé òun pọ̀n dé ilé ìwé nígbà òjò, ló fọgbọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun, tó tún jẹ́ kí òun dúpẹ́.

Kò bá bàbá jà. Ó kí i, ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó wọ yàrá. Bàbá náà kò wò ó lójú.

Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ Sátidé, gbogbo wíńdò ilé wà ní títì, iná ò sí, àtùpà ni wọ́n tàn sí pálọ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bàbá fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde, ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, Kàmọ́rù sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ilẹ̀kùn náà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Aago mẹ́fà lẹ ní kí n dé."

"Ìwọ! O ò gbọ́ pé Orò wà lóde?"

"Wọ́n sọ fún mi nígbà tí mo wọ̀lú, Bàbá. Wọ́n ní ọkùnrin lè kọjá."

"Kí lo wá wá ṣe níbí nígbà náà?"

"Mo ti ṣèlérí ni. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá lè lọ lónìí, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu gbé e lọ, kó má baà sọ pé mo já òun kulẹ̀. Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá ní kí n má wá mọ́, mi ò ní wá mọ́."

Ẹnu ya Bàbá. Ó ti múra sílẹ̀ fún ìjà, kò múra sílẹ̀ fún èyí. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Kàmọ́rù wọlé. Ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń run. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló fọ ọkọ̀ lóru àná nítorí kí òórùn ẹja má ba Tíṣà rẹ̀ nínú jẹ́.

Bísọ́lá tẹ́ máàpù rẹ̀ sórí tábìlì. Ẹja yíyan tí Kàmọ́rù dì fún oúnjẹ ọ̀nà ni wọ́n tò sórí rẹ̀, Ṣàgámù, Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà. Bàbá padà sórí àga rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò kẹ̀yìn.

Kàmọ́rù fi ẹnu wa ọkọ̀. Kò sáré rárá. Nígbà tí aago mẹ́jọ lù, wọ́n wà ní Ìbàdàn, wọ́n sì jẹ Ìbàdàn pẹ̀lú búrẹ́dì. Ní Iléṣà, Àǹtí Sìlífátù fa àga wá, ó ní òun náà fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní Ìwàràjà, wọ́n yà sọ́wọ́ òsì, ọ̀nà náà sì dákẹ́.

"Jíà kejì la wà báyìí," ni Kàmọ́rù ń wí jẹ́jẹ́. "Igi kòkó lọ́tùn-ún, àpáta lósì. Etí rẹ ti ń dí, àbí? Gbé itọ́ mì, á là. Kọ́nà kan nìyí. Òmíràn tún nìyí. Mo fọn fèrè. Háà, ọkọ̀ agbépákó kan já wá láti òkè, àárín títì ló wà, ó ń bọ̀, ó ń..."

"Fa bíréèkì!" Bàbá ti fò dìde, ọ̀pá ti ṣubú. "Fa bíréèkì, ọmọ mi wà nínú ọkọ̀ yẹn!"

Bàbá ń wo máàpù náà bí ẹni pé ọkọ̀ wà lórí rẹ̀.

"Mo ti fà á, Bàbá," ni Kàmọ́rù wí. "Kí ẹ tó pariwo ni mo ti fà á. Ó ti kọjá lọ. Kò sí ohun tó ṣe é."

Bàbá rọra jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọjú sí wọn.

Wọ́n dé òkè. Kàmọ́rù pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ tó, torí Ìkòròdú fúnra rẹ̀ dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, Kàmọ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa etí máàpù.

"Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n mi ò lè bi ọ́ níwájú Bàbá."

Bàbá wúkọ́. "Bi í. Èmi ò sí níbẹ̀. Ìkòròdú ni mo wà."

Kàmọ́rù bi í. Bísọ́lá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun á fẹ́ ẹ, ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ, ẹkún tó kọ̀ tí kò wá látàná sì dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n padà sí Ìkòròdú. "Ẹnu ọ̀nà yín nìyí, Bàbá," ni Kàmọ́rù wí, ó sì dìde láti máa lọ. "Ọmọ yín rè é. Ẹ ṣeun."

"Jókòó." Bàbá ṣí fìlà. Orí rẹ̀ funfun báláú. "Mo mọ̀ pé òní ni Orò kí n tó fún yín lọ́jọ́. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tó bá gun òkè yẹn, kò ní sọ̀kalẹ̀ wá bá mi mọ́."

Kàmọ́rù yíjú padà. Ó wo Bísọ́lá. "O mọ̀?"

"Láti àná."

"O ò sì sọ fún mi."

"Bàbá mi ni. Mi ò fẹ́ kó o kórìíra rẹ̀."

Kàmọ́rù gbé ọwọ́ lérí. Bísọ́lá rò pé ó ti parí. Ìgbà náà ni Kàmọ́rù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá, ó mú ọ̀pá nílẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. "Bàbá, àga mẹ́ta ló wà níwájú ọkọ̀ mi. Mo ti ń wá ẹni tó máa jókòó sí ìkẹta."

Sátidé kejì lẹ́yìn ìyẹn, àwọn mẹ́ta ló dúró lórí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ìkùukùu sùn sórí títì lóòótọ́. Òkè tẹ̀lé òkè títí ojú kò fi tó o mọ́. Tíṣà tó mọ gíga gbogbo wọn lanu, ó pa á dé, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Bàbá náà kò rí òkè rí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Ó di apá ọmọ rẹ̀ mú gírígírí.

"Kàmọ́rù," ló wí nígbà tó ṣe, "bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wà níbẹ̀ báyìí."

Kàmọ́rù bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Bísọ́lá wí, sókè, ohùn rẹ̀ sì lọ kọlu òkè tó wà níwájú, ó tún padà wá bá wọn.

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí, ó ń fi fìlà nu ojú. "Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi."