Ọjà Àǹtí Gbàù Kì Í Padà

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, kó pè mí, òun ló lẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, níṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn tó di fóònù mú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń bí mi nínú jù.

Obìnrin kan wà tó ń ta aṣọ àlòkù lórí ayélujára. Dírẹ́bà kan ló ń bá a kó bẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹrù aṣọ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ tí wọ́n fi okùn irin dì pinpin, wọlé láti òdìkejì ẹnubodè. Obìnrin yìí á fi fóònù rẹ̀ ti áyọ́ọ̀nù kan tó ti bàjẹ́ lórí tábìlì, á máa na aṣọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan fún aráyé wò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ pé òun fẹ́, òun ló ni ín. Obìnrin yìí á wá fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì: gbàù! Á ní, "Ó ti lọ!" Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Àǹtí Gbàù. Àwọn aládùúgbò ní ọjọ́ tí tábìlì yẹn bá lẹ́nu, yóò pè é lẹ́jọ́.

Òfin kan ṣoṣo ló ní: ọjà tí òun bá ti lu gbàù lé lórí, kì í padà. Ìyá arúgbó kan ra kóòtù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Kóòtù dé, èkúté ti jẹ ìdajì ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá pè é, ó ń sunkún. Àǹtí Gbàù ní, "Mo ti lu gbàù, Màmá. Ẹ fi ìdajì tó kù bora." Ó pa fóònù. Àwọn méjì yẹn nìkan ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ náà; ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni ìyá yẹn tó sọ ọ́ fún mi. Ẹ fi í sọ́kàn.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló máa ń wọ aṣọ náà kí oníbàárà lè rí i bó ṣe rí lára. Ọmọ yìí gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń tọ́ ọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n sí. Kò ní ẹlòmíràn láyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ kaba àrán pupa kan. Ó yí bírí níwájú fóònù. Ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà ń ya wọlé wàràwàrà. Lójijì, wọ́n dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló yọ, ẹni tí kò ní àwòrán, tí kò ní orúkọ.

"N kò fẹ́ kaba. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni mo fẹ́."

Àǹtí Gbàù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí ayé! Oníbàárà, níbo lẹ wà?"

"Òdìkejì ẹnubodè."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá a lóhùn," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ta ni yóò ra egungun?"

Ó wo fóònù. Àwọn òǹwòran ti ń pọ̀ sí i. Wọ́n ń kọ ọ́ pé, lu gbàù! Lu gbàù! Orí rẹ̀ wú. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é."

Gbàù!

"Ó ti lọ!"

Ìró kan dáhùn. Kò ti inú fóònù wá. Kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí irin ń ha irin. Lẹ́yìn náà, kẹ́ú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ figbe ta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ọrùn ẹsẹ̀ po, ó wọnú ẹran lọ, ẹ̀jẹ̀ ń sun nídìí rẹ̀. Kò sí okùn kankan níbẹ̀ tí ojú rí.

Dírẹ́bà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń já ẹrù. Ó sáré wọlé. Ó dúró. Ó fetí sílẹ̀.

"Àǹtí, mo mọ ìró yẹn. Mo ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń di bẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń fa okùn irin nìyẹn."

"Kí ni wọ́n ń dì?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Dírẹ́bà ń wò.

Kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Kẹ́ú. Orúnkún ọmọ náà ká dé àyà. Ó ṣubú.

Àǹtí Gbàù gbá fóònù mú. "Oníbàárà, eré ni mo ṣe! Mo gbà á padà!"

Èsì dé. "Ọjà tí o bá ti lu gbàù lé lórí, kì í padà."

"Àbúrò mi ni!"

"Fi ìdajì tó kù bora."

Àǹtí Gbàù kúnlẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀. Ó fi orí gbá tábìlì yẹn kan náà, ó tún gbá a, títí iwájú orí rẹ̀ fi là. Òun tí kò gba ẹ̀bẹ̀ arúgbó! Àwọn òǹwòran ńkọ́? Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n rò pé ọgbọ́n ìtajà ni. Ọmọ èèyàn ń sun ẹ̀jẹ̀, ẹnì kan ń béèrè bóyá kaba náà ṣì wà. Ọlọ́run ló máa bi wọ́n!

Kẹ̀rẹ̀. Egungun ìhà kan dá, kà, bí igi gbígbẹ. Òmíràn tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ, "ẹ tú mi. Ẹ̀yin lẹ mọ bẹ́ẹ̀lì í tú."

Dírẹ́bà mú ẹ̀mú tí wọ́n fi ń gé okùn irin. Ó fi ẹnu ẹ̀mú há òfìfo, níbi ìlà ọrùn ẹsẹ̀. Ó fún un. Ohun kan já. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí ta sókè, ó la ẹ̀rẹ̀kẹ́ dírẹ́bà láti etí dé ẹnu. Eyín hàn. Ẹsẹ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan bẹ́ jáde bí aṣọ ṣe ń bẹ́ jáde nínú bẹ́ẹ̀lì, ó lu ògiri, ó sì ṣẹ́ sí méjì. Igbe tí ọmọ náà ké, n kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ìró ńlá kan wálẹ̀ láti òkè àjà. Ó tẹ̀. Ó tẹ̀. Kẹ́ú. Kẹ́ú.

Igbe ọmọ náà dáwọ́ dúró.

Àǹtí Gbàù kò lè wo ilẹ̀. Ó wo fóònù. Nínú fóònù, bẹ́ẹ̀lì kan wà lórí ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Ó wá wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀lì ni. Okùn irin gidi ló wà lára rẹ̀ wàyí. Etí àrán pupa yọ níhà kan. Ó ń wú díẹ̀, ó ń rọ̀ díẹ̀.

Ó ń mí.

Àǹtí Gbàù ki ẹ̀mú mọ́lẹ̀. Dírẹ́bà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ń ro lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má gé e, Àǹtí. Ẹ rí ẹsẹ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n ti tẹ̀ tó báyìí, tí okùn bá já, ó máa fọ́n ká ni."

"Tí n kò bá gé e ńkọ́?"

"Wọ́n á wá gbé e."

Dírẹ́bà jáde lọ, ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Kò tún gba ẹnubodè kọjá mọ́ láyé rẹ̀. Òun ló sọ èyí tí mo sọ yìí fún mi. Ó lóun yíjú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, òun sì wo inú yàrá láti ojú fèrèsé.

Lójú fóònù, àwọn òǹwòran ti lọ tán. Ẹnì kan ló kù. Kò ní àwòrán. Níta, ọkọ̀ ẹrù ńlá kan ń fi ẹ̀yìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó ń wà á.

Àǹtí Gbàù dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀lì, ó dì mọ́ ọn bí ìgbà tó ń pọ̀n ọ́n. Ẹnu ẹ̀mú ti há okùn irin.

"Àbúrò mi," ó ní. "Kí n gé e? Àbí kí n má gé e?"

Àtẹ́lẹwọ́ kan lu bẹ́ẹ̀lì láti inú, bí ìgbà tí ọjà bá ti lọ.

Gbàù.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.